Agbára Orílẹ̀-Èdè àti Ìgbé-Ayé Ọmọ Ìlú: Nàìjíríà àti Benin

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣòwò ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti Nàìjíríà àti Benin. Àwọn kan a máa wí pé kí ni Benin jámọ́ níwájú Nàìjíríà, erin tí ń mi igbó kìjikìji. Àwọn mìíràn a sì máa dáhùn pé àwọn ti dé Kùtọnú, àwọn ti ná owó ibẹ̀, àwọn sì rí i pé owó náà kì í dédé fò lọ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ìhà méjèèjì ni ó ní ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí ó mú kí ẹnu wọn má ṣe kò ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n sì rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ìhà kìíní ń wọn agbára orílẹ̀-èdè; ìhà kejì ń wọn ìgbé-ayé ọmọ ìlú.

Agbára orílẹ̀-èdè ni ilẹ̀ rẹ̀, iye ènìyàn inú rẹ̀, ohun àlùmọ́nì tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, àti bí ohùn rẹ̀ ti ń rinlẹ̀ tó nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè bá pàdé. Ìgbé-ayé ọmọ ìlú ni oúnjẹ tí ó wà nínú ìkòkò, omi tí ó wà nínú àmù, iná tí ó tàn nínú yàrá, ilé ìwé tí ọmọ ń lọ, ilé ìwòsàn tí aláboyún lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, àti ìfọ̀kànbalẹ̀ tí onílé fi ń sùn. Olówó lè wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ebi sùn. Ẹni tí kò ní púpọ̀ sì lè wà tí ó ń fi ìwọ̀nba tí ó ní tọ́ ọmọ yanjú. Bí ó ti rí nínú ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín àwọn orílẹ̀-èdè.

Kí ìfiwéra náà tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ láti rántí pé ààlà tí ó pín ilẹ̀ méjèèjì níyà kò tíì pẹ́ láyé. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó kọ́kọ́ fa ìlà sáàárín ilẹ̀ tí olúkúlùkù wọn fẹ́ mú. Ìlà náà kò bèèrè ẹbí, kò bèèrè oyè. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, nígbà tí Ìmẹ̀kọ, tí ó ń wo ojú Alákétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣábẹ, Ìdáàṣà àti Pọ́bẹ̀ wà ní ìhà ti Faransé títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó, ṣe àlàyé bí àwọn ènìyàn ti ń sá kúrò ní ìhà Faransé wá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì nítorí owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti fífi agbára mú àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun. Èyí fi hàn pé fífi orílẹ̀-èdè kan wé èkejì kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Àgbẹ̀ tí ó di ẹrù rẹ̀ lóru, tí ó kó aya àti ọmọ sọdá ààlà, ti ṣe ìfiwéra tirẹ̀ kí ìwé kankan tó jáde.

Oṣù méjì péré ni ó wà láàárín òmìnira àwọn méjèèjì. Dàhómì gba tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni ìjọba Mathieu Kérékou yí orúkọ Dàhómì padà sí Benin. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe fi orílẹ̀-èdè náà pe ìlú àwọn Ẹ̀dó, tí ó wà ní Nàìjíríà níhìn-ín. Orúkọ ni ó pa wọ́n pọ̀.

Bí ó bá ṣe ti agbára ni, ìjà òkété àti erin ni ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ Nàìjíríà jẹ́ 923,768 kìlómítà níbùú lóròó. Ti Benin jẹ́ nǹkan bí 114,000, èyí ni pé Nàìjíríà yóò gba Benin ní ìlọ́po 8. Nígbà tí Nàìjíríà ka ènìyàn inú rẹ̀ ní ọdún 2006, iye tí wọ́n kéde lé ní mílíọ̀nù 140. Nígbà tí Benin ka tirẹ̀ ní ọdún 2013, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 10. Ní ọdún 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, ní ọdún 1958 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sí òkèèrè. Benin náà wa epo díẹ̀ nínú òkun Sẹ̀mẹ̀ láti ọdún 1982, ṣùgbọ́n ní ọdún 1998 iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Òwú ni olórí ohun tí Benin ń gbìn tà fún àwọn ará òkèèrè, kajú sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ogun dé bá Liberia, tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rán ọmọ ogun lọ síbẹ̀ ní ọdún 1990, Nàìjíríà ni ó gbé ẹrù tí ó pọ̀ jù nínú owó àti ọmọ ogun. Ìlú Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tí ó dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ní ti agbára, nítorí náà, ẹjọ́ ti parí.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó tẹ̀ lé ti agbára.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1980, náírà kan níye lórí ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Lẹ́yìn tí owó epo lọ sílẹ̀, tí ìjọba sì gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé kalẹ̀ ní ọdún 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ní ọdún 2014, nǹkan bí 160 náírà ni wọ́n fi ń ra dọ́là kan. Lẹ́yìn tí ìjọba tú okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó di nǹkan bí 1,500 náírà sí dọ́là kan ní ọdún 2024. Owó CFA tí wọ́n ń ná ní Benin kò rìn bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1945 ni wọ́n ti so ó mọ́ owó Faransé, nígbà tí ó sì di ọdún 1960, ó di 50 CFA sí fíránkì Faransé tuntun kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1994 wọ́n gé e sí ìdajì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó di 100. Láti ọdún 1999 ni ó sì ti dúró ní 655.957 sí owó euro kan.

Níbí ni òye ti ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2014, bí wọ́n bá fi dọ́là ṣírò gbogbo ohun tí Nàìjíríà ṣe jáde láàárín ọdún kan, tí wọ́n sì pín in fún orí kọ̀ọ̀kan, ó ju ìlọ́po méjì ti Benin lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2024, Báńkì Àgbáyé ṣe ìṣirò kan náà, ti Benin sì kọjá ti Nàìjíríà. Ṣé iṣu tí àgbẹ̀ Nàìjíríà ń wú nínú ebè ti dín kù tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 10? Ṣé oníṣẹ́ ọwọ́ Òṣòdì ti gbàgbé ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni? Rárá o. Òṣùwọ̀n ni ó yí padà ju ẹrù tí wọ́n ń wọ̀n lọ. Síbẹ̀, ìyípadà òṣùwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Oògùn, àlìkámà, ẹ̀rọ àti epo mọ́tò tí ó ń ti òkèèrè wá ń tẹ̀ lé dọ́là, owó oṣù olùkọ́ kò sì lè sá bá wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín olùkọ́ Ìsọlọ̀ àti olùkọ́ Kùtọnú nìyẹn: ẹni ti Kùtọnú lè fi owó pamọ́ fún ọdún 3 kí ó sì bá a bí ó ti fi í sílẹ̀, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a bẹ́ẹ̀.

Ìdúróṣinṣin owó Benin náà ní iye tí wọ́n san lé e lórí. Ẹni tí ó bá so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ èèkàn ẹlòmíràn kò lè dá ibi tí yóò ti jẹ koríko yàn. Ìjọba Kùtọnú kò lè dá iye owó rẹ̀ yí padà nígbà tí òwú bá kùtà. Ìpinnu náà di ti àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ ń ná owó náà, pẹ̀lú Faransé tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó rántí oṣù kìíní ọdún 1994 mọ bí oògùn àti ìrẹsì ti gbówó lórí lójijì nígbà tí wọ́n gé owó náà sí méjì. Náírà ń jẹ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ bí ikán; CFA dúró fún ọdún púpọ̀, ó sì fọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ibi tí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ti so mọ́ra jù ni ojú ọ̀nà tí ó ti Sẹ̀mẹ̀ dé Èkó. Èbúté tuntun ti Kùtọnú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1965. Láti ìgbà náà ni ó ti di ẹnu ọ̀nà kejì sí ọjà Nàìjíríà. Nígbàkúùgbà tí Nàìjíríà bá fi òfin de ohun kan, tàbí tí ó bá gbé owó ibodè lé e lórí, Benin a dín tirẹ̀ kù. Ìrẹsì, tòlótòló dídì, aṣọ àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ a gúnlẹ̀ sí Kùtọnú, wọn a sì gba ọ̀nà fàyàwọ́ wọ Nàìjíríà. Epo mọ́tò ní tirẹ̀ ń gba ọ̀nà kan náà padà, nítorí pé ìjọba Nàìjíríà ń fi owó ìrànwọ́ mú un rọjú títí di ọdún 2023. Kpayo ni àwọn ará Benin ń pè é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni ó ń fi tita epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà jẹun kí owó ìrànwọ́ náà tó parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí nítòsí Sẹ̀mẹ̀, ènìyàn tí ó ju 30 lọ sì bá a lọ. Iye ẹ̀mí wọ̀nyí kò sí nínú ìwé ìṣirò èrè òwò kankan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí òwò yìí ṣe sí agbára Nàìjíríà, kí ó wo Ìsọlọ̀. Ní àkókò kan, ilé-iṣẹ́ aṣọ Aswani àti Afprint wà lára àwọn tí ń fi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè náà. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa rọ́ jáde ní ìrọ̀lẹ́, àwọn olóúnjẹ, onílé àti awakọ̀ a sì máa rí tiwọn pa lára wọn. Ní àárín ọdún 1980 sí 1989, ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ó ju 100 lọ ni ó wà ní Nàìjíríà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti kógbá sílé. Ọjà Aswani tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n aṣọ òkèèrè àti aṣọ àlòkù ni ó kún inú rẹ̀. Fàyàwọ́ nìkan kọ́ ni ó pa àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Iná mànàmáná tí kò dúró, ẹ̀rọ tí ó ti gbó àti òwú tí ó wọ́n jọ dìtẹ̀ mọ́ wọn ni.

Ọ̀rọ̀ iná náà ní ohun ìyanu nínú. Láti ọdún 2007 ni okùn iná ńlá kan ti ń gbé iná láti Ìkẹjà lọ sí Sákẹ̀tẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Benin kò ní iná tí ó tó tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ra èyí tí ó pọ̀ nínú ohun tí ó ń lò láti Ghana àti Nàìjíríà. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tí ń ta iná fún aládùúgbò ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ń sun epo nínú jẹnẹrétọ̀. Kì í ṣe pé títa iná burú; ẹni tí ó rà á ń san owó. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn rò ni pé agbára wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí agbára yóò gbà dé ọwọ́ ọmọ ìlú ni kò dán mọ́rán.

Ìgbà méjì ni Nàìjíríà ti ti ààlà pa fún ìgbà pípẹ́: láti ọdún 1984 dé 1986, àti láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 dé oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní ìgbà kejì, owó àpò ìrẹsì fò sókè ní ọjà Òṣòdì, bẹ́ẹ̀ ni tòmátò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Benin. Àgbẹ̀ onírẹsì ní Nàìjíríà yọ̀. Ìyá olóúnjẹ ní Òṣòdì kò yọ̀. Èyí fi àṣírí kan hàn. Benin jókòó lórí ẹ̀ka igi tí Nàìjíríà lè gé nígbàkúùgbà tí ó bá wù ú. Nàìjíríà náà kò sì lè gé e kí ẹ̀ka náà má wó lu ọmọ tirẹ̀.

Ìgbé-ayé gan-an ń kọ́? Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé ọmọ tí wọ́n bá bí ní Benin lónìí lè retí nǹkan bí ọdún 60 láyé. Èyí tí wọ́n bí ní Nàìjíríà lè retí nǹkan bí ọdún 54. Ìyàtọ̀ ọdún 6 kì í ṣe kékeré, olówó epo sì ni ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé kíkà, Nàìjíríà ni ó ṣíwájú: ju ìdajì àwọn àgbàlagbà rẹ̀ lọ ni ó mọ̀wé kà, nígbà tí ti Benin kò tó ìdajì. Gbòǹgbò èyí jìn. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2006 ni Benin tó mú owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba kúrò. Ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún ìṣirò tí ó pa gbogbo Nàìjíríà pọ̀. Ohun tí ojú ọmọ Èkó ń rí yàtọ̀ sí ohun tí ojú ọmọ tí ogun lé kúrò ní Borno ń rí. Ìṣirò kan ṣoṣo ni wọ́n fi bo àwọn méjèèjì bí ẹní.

Ní ti ìjọba pẹ̀lú, ilẹ̀ méjèèjì ti jìyà lọ́wọ́ àwọn ológun. Láàárín ọdún 1963 àti 1972 ni Dàhómì rí ìfipágbàjọba léraléra. Ní oṣù kejì ọdún 1990, àwọn ará Benin pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè, ní ọdún 1991 sì ni Kérékou fìdí rẹmi nínú ìbò, tí ó gbà bẹ́ẹ̀, tí ó sì lọ sílé ní àlàáfíà. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ológun Nàìjíríà fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993. Nígbà náà, ẹni kékeré ni ó kọ́ àgbà ní ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́ tí kì í ṣí lọ bí wọn kò bá ṣọ́ ọ: ní ọdún 2019, ìbò sí ilé aṣòfin Benin wáyé láìsí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú rẹ̀.

Bí ìfiwéra bá fẹ́ pé, kí ó wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ń kọjú sí. Àwọn ọmọ Benin, Ẹ̀gùn, Kétu àti àwọn mìíràn, ń wá sí Èkó láti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ ilé àti òwò, nítorí pé ọjà ńlá wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹ̀wẹ̀ ń lọ sí Kùtọnú láti wá ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí àyè kò bá gbà wọ́n nílé, títí tí ìjọba Nàìjíríà fi dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró ní oṣù kìíní ọdún 2024 nítorí ìwé ẹ̀rí ayédèrú. Agbára ni ó ń fa àwọn kan wá. Àìtó ohun tí agbára yẹ kí ó pèsè ni ó ń lé àwọn mìíràn lọ.

Ìdájọ́ tí ó wà níbẹ̀ nìyí. Nàìjíríà lágbára ju Benin lọ ní ohun gbogbo tí wọ́n lè kà, ṣùgbọ́n kò tíì sọ agbára náà di ọjọ́ gígùn, iná àti owó tí ó dúró fún ọmọ rẹ̀. Benin ti fi ìwọ̀nba tirẹ̀ ra ìfọ̀kànbalẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Faransé ni ìdúróṣinṣin owó rẹ̀ wà, ọwọ́ Nàìjíríà sì ni ọjà rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ní kànga jíjìn tí kò ní okùn, àti ẹni tí ó ní okùn tí kànga rẹ̀ kò jìn, òùngbẹ lè gbẹ àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe fi títóbi ilẹ̀ yangàn, kí ó má sì ṣe fi líle owó ẹlòmíràn ṣe ìlara. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé orílẹ̀-èdè kan lágbára, kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ohun tí agbára náà ti ṣe fún ìyá tí ń ta ìrẹsì ní Òṣòdì àti fún òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kógbá sílé ní Ìsọlọ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè náà ni òṣùwọ̀n tòótọ́.